Omi kan náà, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Láti àárọ̀ ni mo ti ń kàwé nípa àwọn tó ń gbé etí igbó Sundarbans, ọ̀rọ̀ wọn ò sì kúrò lọ́kàn mi. Igbó mangrove ni, inú ẹrẹ̀ àti omi iyọ̀ ni igi rẹ̀ ń hù sí, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bíi 10,000 kìlómítà níbùú lóòró, láàárín Bangladesh àti Íńdíà. Àwọn igi yẹn máa ń dín agbára ìgbì kù kó tó dé abúlé. Wọn kì í lè gba gbogbo rẹ̀ dúró.

Nígbà tí ìjì Aila jà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, omi òkun ya odi amọ̀ tí wọ́n mọ yí àwọn abúlé ká. Ìjì lọ, omi ò lọ. Níbòmíràn, ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó rí odi yẹn dí, omi iyọ̀ sì ń wọlé, ó ń jáde, lójoojúmọ́. Ìrẹsì kọ̀, kò hù. Adágún tí wọ́n ń bu mu kò ṣeé mu mọ́. Àwọn obìnrin àtàwọn ọmọdébìnrin ló ń rìn jìnnà lọ pọnmi, ó sì ń dùn mí pé àsìkò tí wọ́n ń lò lójú ọ̀nà yẹn kì í sábà wọ inú ìṣirò àdánù.

Bangladesh gbìyànjú o. Ìjì ọdún 1970 pa ènìyàn tó 300,000, ó kéré tán. Ìjì Sidr, ní 2007, pa ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Ìkìlọ̀ tó ń tètè dé àti àwọn ilé ààbò tí wọ́n kọ́ wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó yè á padà wá bá ilé tó wó àti màlúù tó kú.

Ẹni tó nílẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ń fowó ránṣẹ́ láti Dhaka, olú ìlú Bangladesh, á tún ilé kọ́, á sì gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ga sí i. Ẹni tí kò nílẹ̀, tó ń wá akàn àti oyin nínú igbó, owó èlé ni yóò yá, ọkọ̀ ojú omi tó fi ń wá oúnjẹ ni yóò sì tà san án. Tí ìjì mìíràn bá dé, bíi Amphan ti 2020, kí ló tún kù tó máa tà?

Kódà ìrànlọ́wọ́ pàápàá ń mọ ilé tó ń wọ̀. Wọ́n ń pín táǹkì fún àwọn ènìyàn láti fi gbe omi òjò. Ó dára, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n orí páànù ni omi òjò ti ń ṣàn wọ táǹkì ní mímọ́. Ewé inú igbó náà ni ọ̀pọ̀ tálákà fi bo ilé, omi tó bá gba orí ewé wá á pọ́n, á sì dọ̀tí. Kí wọ́n tó gbé táǹkì lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ fi páànù bò ó.