Ẹ Yẹ Dáínámò Wò Kí Ẹ Tó Ní Kí Àgbẹ̀ Ra Bátìrì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ríwayà ní Ọ̀fà, Ọmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ fetí sílẹ̀. Àwọn katakata Massey Ferguson 35 àti 135 tó ti pẹ́ ṣì ń túlẹ̀, dáínámò àtijọ́ ló sì ń fi iná sí bátìrì lára púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe alternator ti òde òní. Bí àgbẹ̀ bá ní bátìrì òun kì í gba iná, ẹ má tíì rán an lọ sọ́jà. Owó bátìrì kan lè jẹ́ owó ajílẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wo fánbẹ́ẹ̀tì tó ń yí dáínámò bóyá ó dẹ̀, ẹ fọ orí bátìrì. Ìyẹn ò gba àkókò.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni dáínámò. Èyí tí ilé iṣẹ́ Lucas ṣe, wáyà méjì ló kan ara rẹ̀: D tí iná ń gbà jáde, àti F tó lọ sí kọ́ìlì fíìdì inú rẹ̀. Ẹ tú méjèèjì, kí ẹ fi wáyà kékeré so ojú D àti F pọ̀ lára dáínámò. Ẹ fi ẹnu mítà kan síbẹ̀, ìkejì sí ara dáínámò, ẹ ta ẹ́ńjìnnì, kí ẹ máa mú kó yára díẹ̀díẹ̀. Fóòtì gbọ́dọ̀ máa gòkè. Bó bá ti sún mọ́ 20, ẹ dáwọ́ dúró. Bí mítà ò bá mira rárá, kábọ̀n tó ń jókòó lé bàbà tó ń yí ni kí ẹ wò. Bó bá dúró sí nǹkan bíi 1, ẹ fura sí kọ́ìlì fíìdì, ìyẹn wáyà wíwé tó dúró lójú kan nínú dáínámò. Bó bá dúró sí 4 tàbí 5, ámíṣọ̀ tó ń yí láàárín rẹ̀ ni.

135 kan wà tí wọ́n gbé wá nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀. Wọ́n ti ra bátìrì tuntun sí i, kò yanjú. Wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní pupa, ó lẹ́wà. Dáínámò rẹ̀ yè, ó kan 20 wẹ́rẹ́. Ó wá ku kọ́táòtì, súìṣì tó ń ṣí ọ̀nà, tó sì ń pa á dé, láàárín dáínámò àti bátìrì. Ọ̀dà la bá lábẹ́ bóòtì tó de wáyà E rẹ̀, ìyẹn wáyà ẹ́ẹ̀tì, mọ́ ara katakata. Bí E ò bá rí irin, kọ́táòtì ò ní pa ẹnu dé, iná dáínámò ò sì ní dé bátìrì láéláé. A ha ọ̀dà yẹn títí irin fi ń dán, a dè é padà. Bátìrì tó wà ní 12.4 bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó dé 14. Látìgbà náà, katakata tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, abẹ́ bóòtì ni mo ń kọ́kọ́ wò.

Iná pupa iwájú awakọ̀ tó ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń rọra yí kì í ṣe àrùn o. Dáínámò kì í mú iná wá bí kò bá yí kánkán. Ẹ mú kí ẹ́ńjìnnì yára, kí ẹ wò ó bóyá iná pupa náà á kú, kí ẹ tó dá dáínámò lẹ́jọ́.

Bí bàbà tí kábọ̀n ń jókòó lé bá dúdú, sáńpépà káfíńtà tó kúnná ni kí ẹ fi nù ún. Sáńpépà dúdú ti irin máa ń fi èérún tó ń gba iná sáàárín bàbà, ó sì ń ba nǹkan jẹ́.

Dáínámò tó ti jókòó pẹ́, tàbí tókúnbọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dè, lè gbàgbé ibi tí iná rẹ̀ ń lọ. Ẹ wo orí bátìrì tí wọ́n so mọ́ ara katakata kí ẹ tó ṣe nǹkan kan, bóyá pósítíìfù ni tàbí nẹ́gétíìfù. Lára Ferguson TE20, pósítíìfù ni. Ẹ tú wáyà F, kí ẹ mú wáyà láti orí bátìrì tí kò kan ara, kí ẹ fi kan ojú F fẹ́ẹ́, ẹ yọ ọ́ kíá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ so F padà.