"A dúpẹ́" tí mo sọ fún dókítà ni adájọ́ kà sí mi létí

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí lẹ́tà ìdájọ́ ti dé, síbẹ̀ tí mo bá dùbúlẹ̀ lóru, ohùn adájọ́ yẹn ni mo ṣì ń gbọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín tí a jọ wà ní Amẹ́ríkà níbí ló ń lé owó disability kiri, ìyẹn owó tí ìjọba ń san fún ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́, tí ẹ sì gbà pé ẹni tó bá ti rí yín á mọ̀ pé ara yín kò yá. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣèpinnu kì í sábà rí wa. Fáìlì ló ń rí.

Làkúrègbé ló mú mi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní rheumatoid arthritis. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi tọ́jú arúgbó, mo gbé wọn, mo wẹ̀ wọ́n, mo pààrọ̀ aṣọ fún wọn. Gbogbo ìgbà tí mo gbowó ni wọ́n ń yọ ti Social Security, àjọ ìjọba tó ń san owó yìí, níbẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀lẹ ló ń wá owó ọ̀fẹ́. Nígbà tó yá, ìka mi kò ká mọ́. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi de bọ́tìnì kó tó lọ sí iléèwé. Ìdérí ìgò omi, eyín ni mo fi ń ṣí i.

Mo kọ̀wé béèrè owó náà, wọ́n kọ̀. Mo pẹjọ́ kí ọjọ́ 60 tó pé, wọ́n tún kọ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ó wá ku kí n lọ síwájú adájọ́.

Lórí fídíò ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà. Mo ti de ọwọ́ mi méjèèjì, mo gbé wọn lé itan. Adájọ́ náà kò le rárá, ohùn rẹ̀ tutù, bóyá ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó ní, "Màmá, ìwé dókítà yín ló wà níwájú mi yìí. Ẹ sọ fún un pé ara yín le, pé kò sí ohun tó ń ṣe yín. Ó kọ ọ́ pé agbára ọwọ́ yín jẹ́ 5/5, lọ́tùn-ún àti lósì. Ó tún kọ ọ́ pé ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin sọ fún wa pé ẹ ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù méje ṣáájú ọjọ́ tí ẹ rí dókítà yẹn. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Ẹnu mi gbẹ. 5/5 túmọ̀ sí pé agbára ọwọ́ pé pérépéré. Èmi tí mi ò lè di ìkòkò mú! Mo wo lọ́yà mi, ó ń ṣí ìwé wò, kò gbójú sókè. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ló jáde. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo kí i ni. Kíkí ni mo kí i." Kò sí ẹni tó yé níbẹ̀. Ọmọ mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ tí adájọ́ ń sọ yẹn, mo rántí rẹ̀ dáadáa. Mo gbé fóònù ti ìgò omi lórí tábìlì, ọmọ mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Dókítà yọ, ó ní báwo ni mo ṣe wà. Mo ní, "I'm fine, thank God." Ta ni nínú wa tí wọ́n á kí tí yóò fi ìrora dáhùn? Ẹni tó wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn pàápàá, "a dúpẹ́" ló máa sọ. Dókítà kò mọ̀ pé ìkíni ni. Bó ṣe gbọ́ ọ ló kọ ọ́. Ti ọwọ́ mi ni kò yé mi di òní: orí fóònù ni a ti ríra, báwo ló ṣe di ọwọ́ mi mú tó fi mọ̀ pé ó jẹ́ 5/5?

Lọ́yà ló bẹ adájọ́ fún àyè, ó sì fún wa ní ọjọ́ 30. Mo gba gbogbo fáìlì mi, mo kà á. Gbólóhùn 5/5 yẹn wà nínú ìbẹ̀wò mẹ́fà, àṣìkọ lẹ́tà kan náà ló sì wà nínú gbogbo wọn. Kọ̀ǹpútà ló ń gbé ti àná wọnú ti òní, iṣẹ́ tí mo ti fi sílẹ̀ náà sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Mo kọ lẹ́tà, dókítà kọ àtúnṣe, lọ́yà fi ránṣẹ́, adájọ́ sì dá mi láre. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ka fáìlì yín kí àwọn tó ń ṣèpinnu tó kà á. Fọ́ọ̀mù SSA-827 tí a ń buwọ́ lù yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n gba ìwé wa tààrà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, a kì í mọ ohun tó wà níbẹ̀. Òfin HIPAA ti 1996 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ara wa, ilé ìwòsàn sì ní ọjọ́ 30 láti fún wa. Tí ẹ bá ní portal, ìyẹn ojú ìwé ilé ìwòsàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń rí fáìlì wa, ẹ wò ó lónìí. Ẹ má wo èsì àyẹ̀wò nìkan, ẹ ka ohun tí dókítà kọ. Ká ní mo ti kà á nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, ojú kò bá tì mí níwájú adájọ́.

Tí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ má fẹnu bẹ nọ́ọ̀sì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì lo ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀, ìyẹn amendment, àtúnṣe sí ìwé. Ẹ kọ ọjọ́ ìbẹ̀wò, gbólóhùn tí kò tọ́, àti ẹ̀rí yín. Ẹ̀rí tèmi ni pé lókè ìwé yẹn gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí pé orí fídíò ni a ti ríra. Ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ ni kí ẹ lọ. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin ṣòfò ní ibòmíràn tí àṣìṣe náà ti wọ fáìlì wọn, wọ́n ní àwọn kọ́ làwọn kọ ọ́. Ọjọ́ 60 ni òfin fún wọn láti dáhùn, wọ́n sì lè fi 30 kún un, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe ohun tí à ń dúró dìgbà ẹjọ́ ṣe. Ẹ̀rí tuntun gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ adájọ́, tàbí kí ẹ ti sọ fún un pé ó ń bọ̀, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ṣáájú ìgbẹ́jọ́.

Wọn kì í pa ohun tí wọ́n ti kọ rẹ́, àfikún ni wọ́n máa ń kọ sí i, ó sì tó. Tí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ẹ lè kọ tiyín padà pé ẹ kò gbà, kí wọ́n so ó mọ́ fáìlì. Mi ò sọ pé kí ẹ purọ́ o. Ìbẹ̀wò kan wà tí ọwọ́ mi dẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbàgbé gbogbo èyí, ẹ dákun, ẹ má sọ "fine" fún dókítà mọ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn yín, Ó ń gbọ́. Ohun tí ẹ kò lè ṣe ni kí ẹ sọ: "Mi ò lè de bọ́tìnì. Mo sun wákàtí mẹ́ta nítorí ìrora." Mo ti bá màmá kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì sọ ọ́, ó ní ó jọ àìmoore. Mo ní kí ó wá wo lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ fún mi, ibi tí wọ́n ti tọ́ka sí "doing well".

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni mo tún máa rí dókítà. Ọmọ mi ti bá mi kọ ohun márùn-ún tí ọwọ́ mi kò lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí sínú ìwé, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù.