Gina Yashere, láti ihò lífítì dé yàrá àwọn òǹkọ̀wé

Ọjọ́ Ẹtì, lálẹ́.

Látàárọ̀ ni ọ̀rọ̀ Gina Yashere ti gbà mí lọ́kàn. Aláwàdà ni, wọ́n bí i ní Bethnal Green ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1974. Ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹ̀dó ni wọ́n, wọn kì í ṣe Yorùbá. Kí ẹni tó bá ń ka èyí má gbàgbé ìyẹn, nítorí ìdí tí mo fi jókòó kọ nǹkan lálẹ́ yìí wà nínú rẹ̀.

Kemi ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n sí, ọ̀rẹ́ Abishola nínú Bob Hearts Abishola, eré tí CBS ń gbé jáde ní Amẹ́ríkà láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 títí di oṣù karùn-ún ọdún 2024. Àwọn tó mọ̀ pé ó wà lára àwọn mẹ́rin tó dá eré náà sílẹ̀, pé ó sì wà lára àwọn tó ń kọ ọ́, kò tó nǹkan. Mo bi àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lónìí, ọ̀pọ̀ wọn ló yà lẹ́nu. Ojú òṣèré là ń rí, a kì í rí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Kó tó di aláwàdà, ẹnjiníà lífítì ni. Ó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lífítì nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ilé gogoro Canary Wharf ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọbìnrin dúdú kan, tí kò tíì dàgbà púpọ̀, nínú ihò gígùn tí lífítì ń gbà lọ sókè sódò, láàárín àwọn ọkùnrin tí ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ rí i níbẹ̀. Ó ti sọ ọ́ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé ojú òun rí nǹkan níbi iṣẹ́ yẹn, wọ́n fi jíjẹ́ obìnrin dá òun lágara, wọ́n tún fi àwọ̀ òun ṣẹ̀sín. Inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ apá yìí, bó ti wù kó sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín tó. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ ló ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń tètè fèsì, torí ẹni tí wọ́n bá ń bú lójoojúmọ́ kò ráyè lọ ronú ìdáhùn nílé.

Nígbà tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ló bọ́ sórí ìtàgé. Lọ́dún 1996, ó dé ìpele àṣekágbá nínú ìdíje àwọn aláwàdà tuntun tí wọ́n ń ṣe ní Hackney Empire, gbọ̀ngàn ńlá kan tí wọ́n ti kọ́ láti ọdún 1901, tí kò jìnnà síbi tí wọ́n bí i sí.

Àwọn tí kò mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé ẹ̀bùn nìkan ló gbà. Ẹni tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú márùn-ún, nínú yàrá kan lókè ilé ọtí, wọn kò sì ní san kọ́bọ̀ fún un. Tó bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kó padà wá. Ìṣẹ́jú márùn-ún á di mẹ́wàá, mẹ́wàá á di ogún, ìgbà yẹn lowó díẹ̀ á tó máa wọlé. Tó bá di oṣù kẹjọ, wọ́n á gbọ̀nà Edinburgh ní Scotland, níbi àjọ̀dún eré ńlá, kálukú pẹ̀lú àwàdà wákàtí kan tó kọ fúnra rẹ̀, tí yóò máa ṣe é lálaalẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, níwájú ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ìbáà jẹ́ èèyàn mẹ́rin. Gbèsè ni ọ̀pọ̀ wọn ń bá délé. Nítorí náà, òǹkọ̀wé ni gbogbo aláwàdà orí ìtàgé kó tó di ohunkóhun mìíràn. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ fún un. Ó ń kọ ọ́, ó ń sọ ọ́, wọn kò rẹ́rìn-ín, ó ń lọ tún un kọ.

Ìyá Yashere ni orísun ọ̀pọ̀ àwàdà tó ṣe. Ìyá Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fẹ́ kí ọmọ jókòó ti ìwé. Kò fi ìyá náà wọ́lẹ̀ rí létí tèmi. Ohùn ìyá náà tóbi, àṣẹ rẹ̀ tóbi, ìfẹ́ rẹ̀ sí ọmọ sì hàn nínú gbogbo ariwo tó ń pa. Nígbà tí Yashere ṣeré nínú ètò Lenny Henry lórí BBC, ìyá kan tó ń ti ọmọ rẹ̀ síwájú ṣáá ló ṣe níbẹ̀, Ìyáàfin Omokorede.

Mo dárúkọ Lenny Henry, ó sì yẹ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ọmọ ìlú Dudley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ọmọ ọdún 16 péré ni nígbà tó jáwé olúborí nínú ìdíje tẹlifíṣọ̀n New Faces lọ́dún 1975. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, òun lorúkọ tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu tí wọ́n bá ní aláwàdà dúdú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Àwọn tó ń pín àyè lórí tẹlifíṣọ̀n ló ń ṣe bí ẹni pé ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan ti tó. Yashere ń kún gbọ̀ngàn, wọ́n ń pè é wá sínú ètò àwọn ẹlòmíràn, ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó ń lọ sílé. Wọn kò fún un ní ètò ńlá tirẹ̀. Ó ti sọ ọ́ léraléra pé nǹkan tó lé òun kúrò nílùú nìyẹn.

Lọ́dún 2007, ó lọ díje nínú Last Comic Standing, ìdíje àwọn aláwàdà lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ó wọ inú àwọn mẹ́wàá tó kẹ́yìn, kò sì padà mọ́. Ẹni tí wọ́n ti mọ̀ nílé, tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, tún lọ di àlejò ní Los Angeles. Èmi kò mọ̀ bóyá mo lè ṣe é. Láti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí nígbà àkọ́kọ́ èèyàn kò tíì mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ọdún mẹ́wàá kọjá kí a tó rí i lọ́dọ̀ Trevor Noah nínú The Daily Show, ètò tó ń fi ìròyìn ṣàwàdà, lọ́dún 2017, tó ń ròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún wọn.

Lẹ́yìn náà ni Chuck Lorre, Eddie Gorodetsky àti Al Higgins fẹ́ kọ eré nípa obìnrin Nàìjíríà kan, nọ́ọ̀sì, ní ìlú Detroit, àti ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan tó ń ta ìbọ̀sẹ̀, tó rí obìnrin yìí nílé ìwòsàn, tí ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan láàárín wọn. Wọ́n bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń wá aláwàdà obìnrin tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, orúkọ Yashere ló jáde. Olùdámọ̀ràn ni wọ́n pè é láti wá ṣe. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ohun tó ń sọ nínú yàrá àwọn òǹkọ̀wé ju ìmọ̀ràn lọ, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tó dá eré náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe Kemi nínú rẹ̀.

Èmi rò pé ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ga jù lọ nìyí, ó ga ju gbogbo ìtàgé tó ti gùn. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló ń jókòó yí tábìlì kan ká. Ẹnì kan á gbé àbá wá, ẹlòmíràn á fi ọ̀rọ̀ kún un, ẹ̀kẹta á ní kò pani lẹ́rìn-ín, wọ́n á yọ ọ́. Apá ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń retí lọ́dún kan, ẹnì kan kò lè dá a kọ. Bí ẹni tó mọ ilé wa kò bá sí nídìí tábìlì yẹn, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé, "Rárá, ọmọ kì í bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí." Olùdámọ̀ràn lè sọ ọ́, wọ́n sì lè ní àwọn ti gbọ́. Ẹni tó wà lára àwọn tó dá eré sílẹ̀ kò ní gbà kí wọ́n kọjá lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó tẹnu mọ́ ọn pé kí ọmọ Nàìjíríà ṣe ọmọ Nàìjíríà. Folake Olowofoyeku, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó, ló ṣe Abishola. Shola Adewusi ṣe Auntie Olu. Bayo Akinfemi ṣe Goodwin, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ọrọ̀ ajé ní Nàìjíríà tó di òṣìṣẹ́ ilé ìbọ̀sẹ̀ ní Detroit. Mo mọ irú Goodwin bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọmọ Amẹ́ríkà ni Barry Shabaka Henley tó ṣe Uncle Tunde, àmì ohùn sì máa ń yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń sapá, mo sì fi í sílẹ̀. Ọmọ Ẹ̀dó ló dúró ti Yorùbá báyìí lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, tí kì í ṣe èdè ilé rẹ̀. Orí mi máa ń wú tí mo bá rò ó.

Nígbà tí màmá mi wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, a jọ wò ó. Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ wọ́n lẹ́nu púpọ̀, wọ́n kàn ń wo àwòrán. Bí Abishola àti Kemi ṣe yí èdè padà báyìí, màmá mi bú sẹ́rìn-ín kí àwọn ọmọ mi tó ka àkọlé ìsàlẹ̀ tán.

Mo ní, "Màámi, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ?"

"Kí ni mi ò ṣe ní gbọ́? Ṣé Yorùbá kọ́ ni? Ẹ dákẹ́ ariwo, ẹ jẹ́ n gbọ́ èyí tó kù."

Ìyá àgbà ló wá ń túmọ̀ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ-ọmọ.

Ohun tó dùn mí ni bí wọ́n ṣe parí rẹ̀. Lọ́dún 2023, wọ́n dín owó eré náà kù. Billy Gardell tó ṣe Bob àti Olowofoyeku nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣèré pàtàkì, àwọn yòókù di ẹni tí wọ́n ń pè bó bá ṣe yẹ. Àwọn yòókù yẹn gan-an ni ilé àti àdúgbò Abishola. Apá 13 ni sáà karùn-ún, ó sì parí síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ wa kò gbà pẹ̀lú mi lọ́sàn-án òní. Wọ́n ní ó yẹ kí Yashere dúró sí Lọ́ńdọ̀nù, kó jà á níbẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè ráyè. Wọ́n dárúkọ aláwàdà dúdú kan, Mo Gilligan, tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Channel 4 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ní ètò tirẹ̀ lọ́dún 2019, wọ́n ní, "Ṣé o rí i pé ilẹ̀kùn náà ṣí?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọdún 2019 yẹn ni eré Yashere náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni ọdún 33 ni nígbà tó lọ. Ṣé kó máa retí ilẹ̀kùn yẹn di ọdún 45 ni?" Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi ò tíì wọ àwọn létí, pé tó bá di ọjọ́ Ajé, a ó máa bá a lọ. Mo ti ń kó àwàdà rẹ̀ àtijọ́ jọ sórí fóònù fún wọn.