Ta ló ń ki ìbọn inú géèmù?

Sátidé, Iléṣà.

Òjò ò jẹ́ kí n dé ọjà lónìí. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń gbá géèmù ogun tí wọ́n ń pè ní Call of Duty lórí fóònù, ni bàbá ọdẹ tó ń gbé ilé kejì bá yà sábẹ́ òrùlé wa kí òjò má baà pa wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo gbé àga fún wọn, wọ́n ní rárá. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ń wo ojú fóònù. Mo yìnbọn pa ẹnì kan, mo pa èkejì, mo tún pa ẹ̀kẹta. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló ń bá ọ ki ìbọn yẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi ibi tí mo máa ń tẹ̀ hàn wọ́n. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ inú fóònù á yọ màgásíìnì, ìyẹn àpótí ọta, tó wà lára ìbọn AK-47, á ki òmíràn bọ̀ ọ́, ó parí. "Èyí tó yọ yẹn, ṣé ọta inú rẹ̀ ti tán ni?" Kò tán o. Ọta 30 ló wà ńbẹ̀, bóyá ni mo yìn tó 10. Ṣùgbọ́n 20 tó kù ò sọnù, géèmù ti kà á mọ́ èyí tó wà nílẹ̀ fún mi. Bí ọ̀pọ̀ géèmù ogun ṣe rí nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń fara ti ògiri, tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń fi àtàǹpàkò ti ọta lọ́kọ̀ọ̀kan bọ inú màgásíìnì.

Ṣakabùlà ni ìbọn tiwọn. Wọ́n fi ọwọ́ júwe bí wọ́n ṣe ń kì í. Wọn á da ẹ̀tù sí i láti ẹnu, wọn á fi àkísà tẹ̀lé e, wọn á fi ọ̀pá gún un kó lè le, wọn á wá kó ọta sí i, wọn á tún fi àkísà dí i kí ọta má baà dà nù bí wọ́n bá dorí ìbọn kodò. Gbogbo wàhálà yìí, ìró kan ṣoṣo ni. Ohun tí wọ́n sọ nípa èéfín ló wá yà mí lẹ́nu jù. "Tí mo bá yìn ín tán, n ò rí ẹran mọ́. Èéfín ló kù níwájú mi. Etí ni mo fi ń mọ̀ bóyá ó ṣubú ni, àbí ó ti sá wọgbó." Mo wo fóònù ọwọ́ mi. Láti ìgbà tí mo bá ti yìnbọn títí tí ẹni ọ̀hún á fi ṣubú, kò sí nǹkan kan tó ń dí mi lójú. Àmì funfun tiẹ̀ tún ń yọ láàárín láti sọ fún mi pé ó bà á. Ọdẹ wo ni ìbọn rẹ̀ ń jábọ̀ fún?

Lẹ́yìn tí òjò dín kù tí wọ́n lọ, ọkàn mi lọ sí ogun Kírìjì, tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì bá Ìbàdàn jà. Ẹni tí wọ́n bí sí Iléṣà ò lè ṣaláìgbọ́ ìtàn Ògèdèǹgbé Agbógungbórò, ọ̀gágun Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tí ogun yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1877, irú ìbọn bàbá yìí ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn jagunjagun. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn òyìnbó tí wọ́n ń kì láti ìdí, irú Snider, ránṣẹ́ sílé. Ẹni tó ń ki ìbọn láti ìdí ò ní dìde dúró máa fi ọ̀pá gún nǹkan kí ọ̀tá máa wò ó. Ó lè dùbúlẹ̀ kó yìn ín, kó kì í, kó tún yìn ín. Ọ̀rọ̀ wá di tìkanra fún àwọn ará Ìbàdàn. Bí ọwọ́ ṣe yá sí níbi kíkì ló yí ogun ńlá bẹ́ẹ̀ padà, òun náà sì ni géèmù sọ di nǹkan tí èèyàn ń tẹ̀ láìronú.

N ò sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn tó ń ṣe géèmù. Wọ́n ń gbé makirofóònù lọ sí pápá ìyìnbọn láti gba ohùn ìbọn gidi sílẹ̀, kódà wọ́n ń ya ibi tí igi ìdí ìbọn ti họ. Ṣùgbọ́n ojú lásán ni gbogbo ìyẹn ń tàn. Ọta AK-47 ń rin nǹkan bíi mítà 700 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹni tí o fẹ́ yìn bá wà ní mítà 300, ọta á lò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, bó bá sì ń sáré, ó ti fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí kò tíì dé ni wàá yìnbọn sí. Ariwo ń bọ̀ lẹ́yìn, nítorí mítà 340 péré ni ohùn ń rìn ní tiẹ̀. Nínú Arma 3, géèmù ogun tí ilé iṣẹ́ Bohemia Interactive ti ilẹ̀ Czech gbé jáde ní 2013, gbogbo èyí wà ńbẹ̀. Ọta ń rìn, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe ń lọ, màgásíìnì tí o lò dé ààbọ̀ á sì wà ní ààbọ̀ títí wàá fi tún fà á yọ níbi tí kò ti yẹ.

Ẹ̀gàn géèmù náà ni pé àwòrán ẹ̀ ti dára jù. Ní 2022, Bohemia fúnra wọn ní láti jáde sọ pé fídíò Arma 3 ni àwọn èèyàn ń pín kiri bí ẹni pé ogun Ukraine ni. Mo mọ ẹgbẹ́ WhatsApp kan, tẹbí ni, tí irú fídíò bẹ́ẹ̀ ò ní pẹ́ níbẹ̀ kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, kì í ṣe torí àwòrán. America's Army ni, tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2002 láti fi fa ọ̀dọ́ mọ́ra, tí wọ́n sì pa tì ní 2022. Ìpolówó ni, ẹ jẹ́ ká má parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣì wà, bí o bá ń yìnbọn lu ẹgbẹ́ ẹ nínú ẹ̀, wọ́n á gbé ọ jù sí ẹ̀wọ̀n, wàá jókòó síbẹ̀, wàá máa wo irin. Mo ka ẹ̀wọ̀n yẹn sí òótọ́ ju igi tó họ lọ. Níbi tí yíyìn bá ti ní ohun tó máa ná ọ ni mo ti ń gbà pé ìbọn ni mo mú dání.

Nírọ̀lẹ́, mo ro gbogbo èyí fún ọmọkùnrin tó ni ilé géèmù ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá jù lọ́dọ̀ ẹ̀, wọ́n ń sanwó lórí ìdíje kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó wá géèmù tí èèyàn ti ń dùbúlẹ̀ sínú koríko fún ogún ìṣẹ́jú, tí á gbọ́ ìró kan, tí á kú, tí á tún bẹ̀rẹ̀. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ẹ̀gbọ́n, ogún ìṣẹ́jú nínú koríko? Ta ló máa san owó epo jẹnẹrétọ̀?"