Mo San Owó Tán, Gbèsè Kò Tán: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí A Tún Ilé Wa Ṣe ní Houston

Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi tún ilé ìdáná wa ṣe ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, mo gbà pé ẹni tó bá ti san owó agbaṣẹ́ṣe pé ti bọ́ lọ́wọ́ gbèsè. Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé láti ṣọ́ọ̀bù tó kó táìlì wá, pé agbaṣẹ́ṣe náà kò san kọ́bọ̀ fún àwọn, àti pé bí owó àwọn kò bá jáde, àwọn yóò fi lien lé ilé wa. Èmi tí n kò mọ ojú wọn rí!

Lien ni ìwé tí ẹni tó ṣiṣẹ́ tàbí tó kó ohun èlò wá ń fi sí ọ́fíìsì akọ̀wé káńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ ni káńtì rí), pé ilé náà ló dúró fún gbèsè òun. Bí ó bá wà níbẹ̀, ó ṣòro láti ta ilé náà tàbí láti fi yáwó ní báńkì. Ní ilé, bíríkìlà tí a jẹ lówó á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Níbí, ìwé ló ń jókòó.

Òfin Texas ní kí onílé di ìdá 10 nínú 100 owó iṣẹ́ mú títí di 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, nítorí irú àwọn tí agbaṣẹ́ṣe kò san owó wọn bẹ́ẹ̀. Èmi kò di nǹkan kan mú, torí pé ọmọ ìjọ wa ni agbaṣẹ́ṣe náà, ojú sì ń tì mí.

Ohun tó yọ wá kì í ṣe ọgbọ́n mi. Agbẹjọ́rò wa rí i pé èmi nìkan ló fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, bẹ́ẹ̀ lórí ilé tí tọkọtaya ń gbé, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fi pamọ́ sọ́dọ̀ akọ̀wé káńtì, kí lien tó lè múlẹ̀.

Nígbà tí ó kan ilé ìwẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù ni mo ti gba orúkọ gbogbo oníṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù tí ọwọ́ wọn yóò kan iṣẹ́ náà. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ sanwó, mo ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn pé kò ní fi lien lé ilé wa mọ́ fún iye yẹn: oríṣi kan nínú ìwé náà ń múlẹ̀ kìkì bí owó bá wọlé, èkejì jẹ́ ti ẹni tí owó ti tẹ̀ lọ́wọ́. Agbaṣẹ́ṣe tuntun náà fajú ro díẹ̀ nígbà tí mo di ìdá 10 mú. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, mo kọ ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀ fún un.