Ohun tójú mi rí lọ́dọ̀ server ilé mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to server sílé láti máa kó fọ́tò, fídíò àti iṣẹ́ yín sí, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí fún yín, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ohun tí ǹ bá ti rí láàárín ọjọ́ méjì ká ní mo ṣe sùúrù lóru ọjọ́ tí mo tú u.

Ẹ̀rọ yẹn ti ń bá mi ṣiṣẹ́ bọ̀ bí ọdún méjì láìyọ mí lẹ́nu. RAM 8GB méjì ló wà nínú ẹ̀, dísìkì mẹ́rin, ZFS, ìyẹn ètò tó ń to fáìlì sórí dísìkì tó sì ń ṣọ́ wọn, ló ń tọ́jú wọn. Ìgbà tó wá kún, mo ra dísìkì mẹ́rin sí i, mo ra RAM 16GB méjì sí i, mo tún ra HBA, ìyẹn káàdì tí wọ́n máa ń kì bọ bọ́ọ̀dù kí ihò tá a lè so dísìkì mọ́ lè pọ̀ sí i. Ẹni tó gbọ́n á fi ọ̀kan sí i, á jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ìkejì. Èmi kó gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀ lóru ọjọ́ kan, mo de síkúrù, mo lọ sùn tìdùnnú tìdùnnú.

Ilẹ̀ mọ́, server ò dáhùn lórí network. Mo ti káwọ́ lérí. Ìgbà tí mo gbé mónítọ̀ sí i ni mo rí i pé ara ẹ̀ le koko, orúkọ ihò network ló yí padà, HBA tí mo fi sí i ti jẹ́ kí bọ́ọ̀dù tún nọ́ńbà àwọn nǹkan tó wà lára ẹ̀ kà, ohun tó ń jẹ́ enp3s0 tẹ́lẹ̀ ti di enp4s0, settings mi sì ṣì ń wá enp3s0 kiri. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ó tán. Mo rò pé wàhálà tó wà níbẹ̀ náà nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nígbà míì á kàn ṣàdédé pa ara ẹ̀, á tún tan ara ẹ̀. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, iná á wà lára ẹ̀, ẹ lè ping ẹ̀ (ìyẹn kẹ́ ẹ pè é lórí network) kó dáhùn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ ṣí fóódà kan pẹ́nrẹ́n, á dákẹ́ síbẹ̀ bí òkúta. Ibi tí mo ti ṣì í nìyẹn o: méjèèjì ni mò ń pè ní "ó tún ti kú". Mi ò bi ara mi pé báwo ló ṣe kú. Bẹ́ẹ̀, èyí tó ṣubú tó tún dìde àti èyí tó lajú sílẹ̀ tí ò lè sọ̀rọ̀, àìsàn kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe wọ́n.

Ẹ wo ohun tó fà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo pa XMP, ìyẹn ètò tó ń mú kí RAM sáré sí i, nínú BIOS (ibi tá a ti ń ṣe settings bọ́ọ̀dù), ó sì dáwọ́ pípa ara ẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n kò pé ọjọ́ méjì tó tún gan sílẹ̀, ni mo bá ní á jẹ́ pé XMP kọ́ nìyẹn, mo dá a padà sí bó ṣe wà. Ìyẹn ni pé mo ti rí ìdajì òògùn náà, mo fọwọ́ ara mi dà á nù. Ọ̀sẹ̀ kejì, HBA ni mo dájú sọ. Mo fọwọ́ kan irin tó wà lórí ẹ̀, díẹ̀ ló kù kó bó mi lọ́wọ́, torí inú ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa ni wọ́n ṣe irú káàdì yẹn fún, àpótí tèmi ò sì ní irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo de fáànù kékeré kan mọ́ ọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ ṣe é, àmọ́ òun kọ́ ló ń pa mí.

Ìgbà tó rẹ̀ mí ni mo wá mú ìwé, mo pín in sọ́nà méjì, tó bá kú báyìí mo kọ aago, mo kọ irú ikú tó kú, mo kọ ohun tí journalctl -b -1 sọ, ìyẹn àṣẹ tó ń fi log hàn, àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ ṣe kó tó kú. (Ẹ rí i pé log yín ń wọ dísìkì o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bá tún tàn, gbogbo ẹ̀ ti parẹ́.) Lálẹ́ tó bá pa ara ẹ̀, log á kàn já lágbede méjì bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Lálẹ́ tó bá gan, ariwo ló máa ń pa: dísìkì kan ò dáhùn, òmíràn ò dáhùn, ZFS á wá ní òun ti dá iṣẹ́ dúró. Raidz1 ni mo fi to àwọn dísìkì tuntun yẹn, ó lè fara da kí ọ̀kan sọnù, tó bá di méjì, ó parí.

Mo kọ́kọ́ mú ti RAM. Memtest86+, ètò tó ń yẹ RAM wò, yíká lẹ́ẹ̀kan, kò sí nǹkan kan, ká ní mo dúró níbẹ̀ ni, irọ́ ni ǹ bá gbé lọ. Ní ìyíká kẹta ni pupa yọ, àmì pé àṣìṣe wà. Tuntun tàbí ògbólógbòó, kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn, mo dán wọn wò ní méjì méjì. XMP ló ń lé wọn sáré 3200, bọ́ọ̀dù lè gbé méjì lórí eré yẹn, mẹ́rin ló wúwo fún un. Mo pa XMP, ó wá sílẹ̀ sí 2666, mo fi sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó mọ́ tónítóní. Ní gbogbo àsìkò tí mo fi ń fura sí RAM yẹn, mi ò kọ fáìlì kankan sínú ẹ̀, torí tí RAM bá ti ba fáìlì jẹ́ kí ZFS tó ṣe checksum ẹ̀ (nọ́ńbà tó fi ń mọ̀ bóyá fáìlì ti yí padà), irọ́ yẹn náà ni ZFS á máa ṣọ́ fún yín tọkàntọkàn.

Ó wá ku ti dísìkì. Mo ṣe smartctl -a, àṣẹ tó ń fi ìlera dísìkì hàn ní nọ́ńbà nọ́ńbà. Nọ́ńbà 5 àti 197, òdo ni lára gbogbo wọn, ìyẹn ni pé ojú àwo dísìkì mọ́. Mo ti fẹ́ pa á dé kí ojú mi tó bá nọ́ńbà 12, iye ìgbà tí iná ti kúrò tó tún dé sára dísìkì. Dísìkì mẹ́rin tí mo rà pọ̀, tí mo kì bọ̀ ọ́ lóru kan náà, ó yẹ kó dọ́gba. Méjì ka 22. Ìkẹta ka 63, ìkẹrin ka 57. Iná ń já mọ́ àwọn méjì yẹn lára nígbà tí gbogbo ilé yòókù ṣì ń ṣiṣẹ́!

Mo ti ṣe ìṣirò wátì kí n tó rà wọ́n o, power supply 550W, ó pọ̀ ju ohun tí mo nílò lọ. Ohun tí mi ò ṣírò ni wáyà. Mo ti fi wáyà ẹlẹ́nu mẹ́rin kan ṣoṣo pín iná fún dísìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti inú ihò SATA kan, ìyẹn ihò tó ń gbé iná fún dísìkì. Dísìkì ńlá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí máa ń fa bí amp 2 lórí 12V, mẹ́rin á jẹ́ 8, bẹ́ẹ̀ ihò SATA yẹn, irin mẹ́ta ló ń gbé 12V níbẹ̀, amp 1.5 lọ́kọ̀ọ̀kan, 4.5 náà ni gbogbo ẹ̀. Mo yọ wáyà náà, ike funfun ẹnu ẹ̀ ti ń pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, etí ẹ̀ sì ti yọ́. Àyà mi já, torí inú yàrá tí mò ń sùn ló wà.

Mo ju wáyà yẹn nù, mo fa wáyà méjì láti ara power supply gan-an, dísìkì méjì méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ZFS ṣe scrub, ìyẹn kó ka gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì kó yẹ̀ ẹ́ wò, wákàtí mọ́kànlá ló fi ṣe é, kò mì rárá. Mo ṣì máa ń yọjú wo nọ́ńbà 12 dísìkì kẹta yẹn. Ó ti di 66 báyìí, mẹ́ta tó lé níbẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa ẹ̀rọ.