Ẹ Má Bá Ọmọ Ha Wáyà Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ páálí mọ́tò tí wọ́n ń tò fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni iṣẹ́ ti tán nínú rẹ̀ kí ọmọ tó ṣí i. Wọ́n ti ká wáyà, wọ́n ti ha á. Ọmọ á gbé e lé orí irin, á yí, ó parí. (Mọ́tò tí à ń wí kì í ṣe ọkọ̀ o, irú èyí tó ń yí fáànù ni.) Tí ẹ bá ń to tiyín fún ọmọ ọdún 11 sí 14, ẹ bá wọn gé wáyà, ẹ bá wọn wá bátìrì, ṣùgbọ́n ẹ fi híha sílẹ̀ fún wọn. Ibẹ̀ ni àṣírí mọ́tò wà.

Ohun tí páálí kan máa gbà kò pọ̀: bátìrì alkaline D 1 (irú ńlá ti tọ́ọ̀ṣì, 1.5V), òòfà ferrite (òòfà dúdú lásán) pẹlẹbẹ 1, píìnì ìlédìí ńlá 2, rọ́bà fífẹ̀ 1, sáńpépà kékeré, máákà tó nípọn tó 2 cm, ọ̀dà èékánná díẹ̀, àti wáyà kọ́pà tí wọ́n fi ọ̀dà bò, 1.2 m, kó nípọn tó 0.5 mm. Wáyà 0.2 mm á rọ̀ jù, apá rẹ̀ á máa tẹ̀, 0.8 mm á le koko lọ́wọ́ ọmọ. Òòfà neodymium lágbára ju ferrite lọ, òótọ́ ni, àmọ́ bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n á fa ara wọn nínú ìfun, wọ́n sì lè dá ìfun lu. Kò tọ́ síbí. Bátìrì lithium náà kò tọ́ síbí: wáyà kúkúrú báyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má dí iná lọ́wọ́ rárá. Ti alkaline á kàn gbóná, ti lithium lè gbiná.

Ọmọ á ká wáyà mọ́ máákà nígbà 15 kó di òrùka, á ṣẹ́ apá 4 cm kù lọ́tùn-ún lósì, á sì fi ìdí apá kọ̀ọ̀kan we òrùka náà lẹ́ẹ̀mejì kó má baà tú. Kí apá méjèèjì wà lórí ìlà kan gbọọrọ, ní àárín gbùngbùn òrùka. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀gbẹ́ tó wúwo á máa jábọ́ sísàlẹ̀. Rọ́bà ló máa de píìnì mọ́ orí àti ìdí bátìrì tí a tẹ́ sílẹ̀, kí ojú píìnì wà lókè, kí apá òrùka sì wọ inú ojú náà. Òòfà á jókòó lórí bátìrì, kó ku bíi 3 mm kí òrùka tó kàn án.

Ó wá ku híha. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi sáńpépà ha ọ̀dà ara apá méjèèjì kúrò yíká. Lọ́pọ̀ ìgbà, òrùka á ta gìrì, á mì síwá sẹ́yìn, á dúró. Ẹ bi wọ́n ní ìdí. Ní ìdajì àkọ́kọ́, òòfà ń ti òrùka lọ; ní ìdajì kejì, bí iná ò bá dá, òòfà kan náà á máa fà á padà. Ọ̀dà èékánná wúlò níbí: kí wọ́n gbé òrùka nàró bí ilẹ̀kùn, kí wọ́n kun òkè apá kan ṣoṣo, kó gbẹ. Iná á wá máa dá ní ìdajì, eré tí òrùka ti ń sá á gbé e kọjá. Ẹni tó bá kun ún nígbà tí òrùka dùbúlẹ̀ á rí i pé kò yí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn.

Bí kò bá yí, ẹ fọwọ́ kan bátìrì kí ẹ tó tú nǹkan kan. Bó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, iná ń kọjá. Ibi tí a kùn tàbí ìdọ́gba apá ni ká yẹ̀ wò. Bó bá tutù, ẹ yí òrùka ní ìdajì ná, bóyá ibi tó lọ́dà ló jókòó lé. Tó bá ṣì tutù, ọ̀dà wáyà kò tíì ṣí dáadáa, tàbí píìnì kò kan bátìrì. Ó tún fẹ́ kí èèyàn fi ìka ta á díẹ̀ kó tó gbéra. Kí wọ́n sì gbé òrùka kúrò lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá 30.

Ẹni tí tiẹ̀ bá ti ń yí, kó dojú òòfà délẹ̀, kó kọ́kọ́ kọ ibi tó rò pé òrùka á yí sí sílẹ̀ kó tó ta á.